Ẹ Má Dìde Àfi Bí Mo Bá Pàtẹ́wọ́

Àbúrò ọkọ mi kan wà tí kò sí ohun tí kò mọ̀ láyé yìí, àfi ohun tó bá ń ṣe lọ́wọ́. Bí ẹ bá ní òjò fẹ́ rọ̀, á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí òjò náà kò bá wá rọ̀ mọ́, á ní òun ti mọ̀ pé kò ní rọ̀, òun kàn fẹ́ kí ẹ rí ohun fi ara ṣe ni òun ṣe ní kí ẹ kó aṣọ wọlé.

Nígbà tí mo wọlé ìyàwó, ó ṣì ń rá kiri nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ lọkọ ń jẹ́, bó tilẹ̀ ń rá. Mi ò lè la ẹnu pè é lórúkọ, Ọkọ Mi Kékeré ni mò ń pè é. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Mo-Ti-Mọ̀-Tẹ́lẹ̀, ó sì ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n á sọ òun bẹ́ẹ̀.

Kò sí iṣẹ́ tí kò kọ́ rí, kò sì sí èyí tó kọ́ parí. Ó kọ́ṣẹ́ onígbàjámọ̀: ó gé irun bàbá kan dé ìdajì orí, ló bá gbé àga, ó jókòó, ó ń ṣàlàyé fún bàbá náà bí wọ́n ṣe ń gé irun. Bàbá ọ̀hún gbé ìdajì irun lọ sílé. Ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà: ó kan àga kan fún mi, àga náà ṣì wà nílé wa títí dòní. Kò ṣòro jókòó lé. Ibi tí ẹ ó ti bá ara yín lẹ́yìn tí ẹ bá jókòó tán ni ọ̀rọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n orí àga gbọọrọ tó wà ní pálọ̀ wa, èyí tí káfíńtà gidi kàn, ni Ọkọ Mi Kékeré ń sùn sí. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Ibẹ̀ ló ti ń gba gbogbo ayé nímọ̀ràn. Àga náà ti mọ ìdí rẹ̀ débi pé bí ẹlòmíràn bá jókòó síbẹ̀, ṣe ló ń han.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Àbúrò, bí oṣù yìí bá parí tí o ò níṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wa lò ń lọ."

Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn yìí, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń sìn. Ìdájí ni bàbá náà ń jí, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ a sì ti jí ṣáájú rẹ̀, wọn a máa bínú pé ó pẹ́. Ọkọ Mi Kékeré, tí oòrùn ní láti kí, kó tún un kí, kó tó ṣíjú wò ó, ṣe ni ẹran tó wà lẹ́nu rẹ̀ dúró.

"Ẹlẹ́dẹ̀ kẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ẹlẹ́dẹ̀."

"Èmi tí mo mọ ìwé tó báyìí?"

"Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ò ní bá ọ jà sí ìyẹn."

Inú oṣù yẹn gan-an ni àyè iṣẹ́ kan ṣí sílẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi tí àbígbẹ̀yìn mi ń lọ. Ìjì là ń pe àbígbẹ̀yìn mi yìí. Kì í rìn, eré ló ń sá. Kì í jókòó, ṣe ló ń bà lé àga bí ẹyẹ, tó tún ń fò. Bó bá sùn pàápàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń rìnrìn àjò lọ. Irú ẹ̀ ló kún kíláàsì wọn fọ́fọ́. Olùkọ́ tó ń mú wọn sinmi lọ́sàn-án ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà lọ sinmi díẹ̀. Ó lọ, kò padà mọ́. Wọ́n ní bó bá gbọ́ ìró aago níbikíbi báyìí, abẹ́ tábìlì ló ń wọ̀.

Bí Ọkọ Mi Kékeré ṣe gbọ́, ó dìde jókòó. Èyí tóbi o, ọ̀sán gangan ni.

"Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n á wá mi!"

"Ta ló wá yín?" mo bi í.

"Wọ́n máa wá mi. Ìyàwó wa, sùúrù ni baba ìwà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi ni baba sùúrù. Ẹ wá ṣírò ohun tí mo jẹ́ sí ìwà."

"Ẹ ó jẹ́ bàbá àgbà rẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ ṣeun! Ọmọ tí mi ò ní lè mú dúró jẹ́ẹ́, wọn ò tíì lóyún ẹ̀."

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà tí Ìjì fi gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, tó sì mú sálúbàtà rẹ̀ kan lọ.

Ó padà dùbúlẹ̀, ó gbé fóònù lé àyà, ó ní òun ń kẹ́kọ̀ọ́. Fídíò kan ló ń wò, ti obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké bí wọ́n ṣe ń fara balẹ̀. Obìnrin náà kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dùbúlẹ̀ láìmira. Ó wá dùbúlẹ̀ sétí ẹní, ó ní kí àwọn ọmọ ká òun mọ́nú rẹ̀ bí ìgbín nínú ìkarahun. Wọ́n ká a, wọ́n ká a. Ibi tí wọ́n ká a dé nìyẹn tí dátà fi tán.

Mo ní, "Ẹ ò wá rí ìparí ẹ̀."

"Ìyàwó wa, ta ló ń wo ìparí? Ẹni tó bá mọ ìbẹ̀rẹ̀ ti mọ ìparí tẹ́lẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò. A ó padà wá mú un.

Ó ní ilé la ti ń dán ọmọ wò kí a tó mú un ròde, ló bá pe Ìjì. Ó bu páúdà sínú àwo pẹrẹsẹ kan, ó gbé àwo náà sábẹ́ àgbọ̀n ara rẹ̀.

"Ìjì, gbọ́. Fi imú fà á bí ẹni tó gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ilé kejì. Kí o wá fi ẹnu fẹ́ ẹ bí ẹni tí ọbẹ̀ náà gbóná mọ́ lẹ́nu. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí o bá mọ̀ ọ́n ṣe, páúdà yìí ò ní mira."

Ìjì fa èémí. Ọmọ yìí fa èémí títí mo fi bẹ̀rù pé kò ní ṣẹ́kù fún àwa yòókù nínú yàrá.

Fúùùù!

Nígbà tí èéfín rọlẹ̀, Ọkọ Mi Kékeré ti di ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. Ojú rẹ̀ méjèèjì ló ń ṣẹ́ láàárín funfun. Àsìkò yẹn ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Kí n tó dìde, ó ti lọ ṣí i.

Ìyá Ọ̀gá, ìyẹn ìyá tó ni jẹ́lé-ó-sinmi náà, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà Ìjì kan tí wọ́n bá lórí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ ló mú wá. Bó ṣe rí ohun tó ṣílẹ̀kùn fún un, ó ké "Olúwa mi o!" ó sì ju bàtà náà. Kò tàsé.

"Màmá, ẹ káàbọ̀," ni Ọkọ Mi Kékeré wí, tí páúdà ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀. "Ẹnu ẹ̀kọ́ la wà."

Mo wọ yàrá lọ, mo ní mo fẹ́ gbàdúrà. Mo gbà á lóòótọ́. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Ọ̀gá jókòó, ó mu omi, ó tẹ́tí sí gbogbo ohun tí baba sùúrù ní láti sọ. Àánú ara rẹ̀ ló ń ṣe ìyá náà, mo rí i lójú ẹ̀. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í béèrè bóyá igi tó nawọ́ mú gbẹ.

"Ó dáa," ó ní. "Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn òbí ń bọ̀ wá wo kíláàsì. Bí wọ́n bá bá àwọn ọmọ yìí ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí wọ́n fara balẹ̀, iṣẹ́ ti di tìẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́…"

"Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, màmá!"

"Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlẹ́dẹ̀," ni ọkọ mi wí láti ìdí fèrèsé.

Lọ́jọ́ Ẹtì náà, Ọkọ Mi Kékeré ti jáde kí a tó jí. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ó ti sá lọ ni. Àṣé kò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí ohun tó wà lẹ́sẹ̀ òun ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí àwa tó débẹ̀, Ìjì ló sọ èyí tó pọ̀ jù fún mi. Èyí tí Ìjì gbàgbé, Ọkọ Mi Kékeré fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ móoru tán.

Kíláàsì náà wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ rẹ̀ ń dán. Fèrèsé rẹ̀ kò ga, kí ọmọdé lè rí ìta. Àwòrán oòrùn tí àwọn ọmọ fi kíréyọ̀nù yà kún ògiri, oòrùn pọ̀ níbẹ̀ ju ti òkè lọ. Ní igun yàrá ni ẹní máa ń wà, ẹní ọ̀rá ńláńlá, kíká, nínàró, tí okùn wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin kan sì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí tí àwọn ọmọ mọ̀ ju orúkọ ara wọn lọ: ẹní tí a bá ká, a gbọ́dọ̀ dè é, èyí tí a bá dè, a gbọ́dọ̀ gbé e nàró sí igun. Wọ́n ní orin rẹ̀ pàápàá: "Ká a! Dè é! Gbé e sígun!" Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ bí wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Ìyẹn nìkan ni ohun tí ẹnikẹ́ni ti rí kọ́ wọn yanjú.

Ọkọ Mi Kékeré kò mọ̀ nípa orin yìí. Ohun kan ṣoṣo láyé tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn, òun ló sì lọ pàdé.

Ó wọlé. Ọ̀kan wà lójú fèrèsé. Ọ̀kan ń gbó bí ajá lábẹ́ tábìlì. Méjì ń jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ fara balẹ̀. Ó ní kí wọ́n mí bí òun ṣe ń mí. Wọ́n mí. Àwòrán oòrùn já bọ́ lára ògiri.

"Ó tó!" ó ní. "A ó ṣeré ìgbín. Èmi ni ìgbín, ẹní yìí ni ìkarahun mi. Ẹ ó ká mi. Lẹ́yìn náà, kí kálukú dùbúlẹ̀, kó dijú. Òfin kìíní: kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Òfin kejì: ẹ má dìde àfi bí mo bá pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ tèmi o! Bí ẹlòmíràn bá pa tiẹ̀, irọ́ ni."

Ìjì nawọ́. "Bí ẹ bá pè wá ńkọ́, Bùọ̀dá?"

"Mo lè pè yín láti dán yín wò. Mo lè kígbe. Mo lè sunkún pàápàá. Ẹ má dá mi lóhùn! Àtẹ́wọ́ nìkan."

"Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n wá ńkọ́?"

"Ẹ lọ tọ̀ báyìí."

Gbogbo wọn lọ, wọ́n padà dé. Ó wá fi oyin sí i lórí: "Bí ẹ bá fara balẹ̀ títí mo fi pàtẹ́wọ́, ẹ ó tún ká mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ojú àwọn ọmọ náà tàn. Kò sí ẹni tó ti jẹ́ kí wọ́n ká òun rí láyé wọn.

Ó dùbúlẹ̀ sétí ẹní, ó na ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ bí sójà. Wọ́n bò ó.

"Ẹ rọra! Ìgbín ni mí, èmi kì í ṣe àgbá!"

Wọ́n yí i kan ògiri ọ̀tún. Nígbà tí ògiri kò gbà, wọ́n yí i padà. Ẹní náà gùn jù ú lọ, ó gbé e mì torítorí. Ibi tí fídíò ti dúró nìyẹn. Ibi tí ìmọ̀ Ọkọ Mi Kékeré ti dúró náà nìyẹn.

Ló bá gbọ́ orin.

"Ká a! Dè é!"

"Rárá! Ẹ má dè é! Ẹ dúró!"

Ta ni yóò dúró? Ó ti ní òun lè kígbe láti dán wọn wò. Wọ́n dè é lókè, wọ́n dè é nísàlẹ̀, gbogbo ẹni tó mọ kókó ta ló ta tirẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta sì ta méjì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí ọmọdé bá sì fi agbára dè, kì í tú.

"Gbé e sígun!"

Wọ́n wọ́ ọ. Òun náà rò pé bí òun bá dìde, òun á lè jáde, ló bá fẹsẹ̀ tilẹ̀, àwọn náà tì í látẹ̀yìn, ó di ìró gìì! Baba sùúrù nàró sígun láàárín àwọn ẹní ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bàtà méjì nìkan ló yọ nísàlẹ̀.

Àwọn ọmọ lọ dùbúlẹ̀. Wọ́n dijú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó balẹ̀ sí kíláàsì náà, irú rẹ̀ kò tíì wọ ibẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀.

Ó wá kù kó pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún kan itan ọ̀tún. Ọwọ́ òsì kan itan òsì. Ọ̀nà kò sí láàárín. Ẹ gbọ́ òwe: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì jáde nínú ẹní.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá tú mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn kò lajú.

"Mo ní kò sí ìdánwò mọ́!"

Ẹ̀rín náà tún fẹ̀ sí i.

"Ìjì! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi! Èmi Bùọ̀dá rẹ ni mo ń bẹ̀ ọ́!"

Ìjì la ojú kan, ó wo ẹní náà dáadáa, ó tún un dì. Ó ní nígbà tí Bùọ̀dá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, inú òun dùn, torí òun ò mọ̀ pé Bùọ̀dá mọ eré ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Bó ṣe dákẹ́ ni àwa wọlé.

Ìyá Ọ̀gá ló ṣáájú. Alága àwọn òbí tẹ̀ lé e, alápatà kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tó máa ń sọ pé bí òun bá wúkọ́, màlúù á kúnlẹ̀. Èmi àti ọkọ mi tẹ̀ lé e, àwọn òbí yòókù wà lẹ́yìn. Gbogbo wa ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Ohun tí a bá, ẹnu wa kò lè sọ ọ́. Àwọn ọmọ tò sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Wọ́n ń mí wọlé, wọ́n ń mí jáde.

"Ọmọ mi ló dùbúlẹ̀ yẹn?" ni alápatà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èyí tó já ilẹ̀kùn ilé wa?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ síwájú imú ọmọ náà. "Ó ń mí o!"

Omi lé ròrò sójú Ìyá Ọ̀gá. "Olùkọ́ náà dà? Ẹ bá mi wá a, kí n dì mọ́ ọn!"

Mo wo ọkọ mi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí i kí ó fi àbúrò rẹ̀ yangàn rí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó ti ń tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́kàn mi. Mo ti ń rí pálọ̀ mi lófìfo.

Igun yàrá ni ohùn náà ti wá.

"Há… há… háṣíìn!"

Gbogbo wa yíjú. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹní ni.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ọ̀kan nínú àwọn ẹní náà wí, "ta ló wà níbẹ̀? Ẹ bá mi họ imú mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Alápatà kò wá ilẹ̀kùn. Ojú fèrèsé ló gbà, fìlà rẹ̀ nìkan ló kù láti dágbére. "Ẹní fọhùn! Ẹní fọhùn o!" là ń gbọ́ títí dé ìta. Àwọn òbí fún ara wọn pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ọ̀gá gun àga ọmọdé kan, àga náà kò kọjá orúnkún, ó sì dúró lórí rẹ̀ bí ẹni pé òkè ńlá ni. Èmi dijú, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà, mi ò mọ èyí tí mò ń gbà, ti oúnjẹ ni mo bá lẹ́nu mi.

Àwọn ọmọ? Wọn kò mira.

Ọkọ mi nìkan ni kò sá. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ẹní kì í wọ bàtà," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Èyí wọ bàtà. Bàtà mi sì ni."

Ẹní rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mo fẹ́ dá a padà kí ẹ tó mọ̀ ni."

"O ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé màá mọ̀?"

Bàtà méjèèjì ń wá ọ̀nà àtisá wọ inú ẹní.

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Kókó tó bá tú, òmíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó bínú, ó fà á. Ẹní ṣíwọ́ lára ògiri, ó wó lulẹ̀ gbì! Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n àgbà tó bá ṣubú nínú ẹní kò ríbi kankan wò. Ó yí. Ó yí gba ẹnu ọ̀nà jáde. Wọ́n mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí omi òjò lè máa ṣàn jáde, kò sì sẹ́ni tó sọ fún sìmẹ́ǹtì pé èyí kì í ṣe omi.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ gbà mí o!" bó ti ń yí lọ, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sábẹ́. Ó yí dé àgbàlá, ó kọlu ẹ̀rọ omi tí àwọn ọmọ fi ń fọwọ́, ẹ̀rọ náà ṣí, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ya sínú ẹní láti apá orí.

Àsìkò yẹn ni alápatà padà dé látinú ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀bẹ ló lọ mú.

"Ẹ bìlà!" ó ní, ó fẹ́ gba iyì rẹ̀ padà. "Iṣẹ́ mi nìyí."

"Ta nìyẹn?" ni ẹní béèrè.

"Alápatà."

"Yéè! Mo kú o!"

Ṣé ẹ rò pé ìtìjú ti tán? Wọ́n lu aago ìparí ẹ̀kọ́. Ojoojúmọ́, bí aago yẹn bá dún, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì máa ń gun ògiri ni kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ kan kò jáde. Àwọn òbí wọ kíláàsì lọ, wọ́n ń pe ọmọ wọn, ọmọ kò dìde. Ìyá Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Wọn kò dìde. Gbogbo àwọn òbí para pọ̀ pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó wá síbi àpéjọ. Wọn kò dìde. Ìyàwó alápatà gbé tiẹ̀ lé èjìká, ọmọ náà gan bí pákó, ó dijú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ Ìjì. "Ìjì mi, dìde ká máa lọlé."

Ó mi orí. Ó na ìka sí ọ̀nà àgbàlá, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìkejì láìjẹ́ kó dún.

Ó yé mi. "Bùọ̀dá rẹ ló gbọ́dọ̀ pàtẹ́wọ́?"

Ó mi orí sókè sódò.

Mo sáré jáde. "Ọwọ́ rẹ̀! Ẹ yọ ọwọ́ rẹ̀!"

Alápatà gé okùn, ẹní tú, Ọkọ Mi Kékeré ṣàn jáde pẹ̀lú omi. Wọ́n gbé e wọ kíláàsì.

"Pàtẹ́wọ́!" ni gbogbo àwọn òbí pariwo.

Ó gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ ti kú. Ọ̀tún lọ, òsì kò pàdé rẹ̀. Òsì lọ, ó gbá a níwájú orí. Àwọn méjèèjì ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí aṣọ tútù lórí okùn.

"Màá mọ̀ ọ́n…" ó ní. "Ẹ fún mi láyè díẹ̀…"

Ọkọ mi bọ́ síwájú, ó gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì fi àbúrò rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Pá!

Gbogbo kíláàsì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Igbe tí wọ́n ké, fìlà alápatà tó wà lójú fèrèsé já bọ́. Wọn kò wo ìyá, wọn kò wo bàbá. Ẹní tuntun ni wọ́n lọ gbé.

"Bùọ̀dá, a fara balẹ̀! Ó ku ìkejì! Ká a! Dè é!"

Ẹ wo ọkùnrin tó wá kọ́ ọmọdé ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó yí àgbàlá náà po pẹ̀lú bàtà tó kún fún omi, ó ń dún ṣọ̀pọ̀ṣọ̀pọ̀, ẹṣin kò lè bá a. Àwọn ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹní wà lórí wọn.

Ìyá Ọ̀gá dúró, ó ń wò wọ́n. Ó ronú. Ó wá pè é.

"Ọ̀gbẹ́ni, láti ìgbà tí mo ti dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀, mi ò rí ìfarabalẹ̀ bíi ti òní rí. O ti ríṣẹ́."

Ọkọ Mi Kékeré dúró. Ó gbé àyà síta, omi ń kán nídìí táì rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀!"

"Kí o tètè dé lọ́jọ́ Ajé. Bí àwọn ọmọ bá ti jẹun ọ̀sán tán, wọ́n á ká ọ."

"Wọ́n á… kí ni?"

"Wọ́n á ká ọ. Ojoojúmọ́. Èmi ni màá máa pàtẹ́wọ́, màá bá wọn sọ ọ́."

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún wọn pé èmi kì í ṣe…"

"Ẹní," ni ọkọ mi wí, "àbí ẹlẹ́dẹ̀?"

Ọkọ Mi Kékeré ronú. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo bàtà tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ibi imú sílẹ̀."

Báyìí ó ti gba yàrá tirẹ̀, pálọ̀ mi sì ti padà di tèmi. Àwọn ọmọ náà ń fara balẹ̀ lóòótọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìjì alára, bó bá fẹ́ bínú, á fi imú gbọ́ ọbẹ̀ ilé kejì, á fi ẹnu fẹ́ ẹ, á sì rọlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àlejò ọkọ mi kan bá Ọkọ Mi Kékeré nílé wa, ó rí táì, ó bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe.

Ó wúkọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Èmi ni mò ń darí ẹ̀ka ìfarabalẹ̀ àti ìsinmi àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn lè…"

Ìjì ń kọjá lọ. Ó ń rìn ni o, kò sáré. Ó dúró, ó kí àlejò dáadáa, ó wá fi sùúrù ṣàlàyé fún un:

"Bùọ̀dá ni ẹní wa."